Irin Inú Adágún Tí Ó Kọ Irin

Ẹni tí ó bá jáde ní Kùmásì, ìlú àpótí wúrà tí ọba pàápàá kì í fìdí kàn, tí ó sì dojú kọ ìhà gúúsù òun ìlà-oòrùn fún nǹkan bí kìlómítà 30, yóò gun àwọn òkè kan tí wọ́n tò yíká, nígbà tí ó bá sì wo ìsàlẹ̀ láti orí wọn, yóò rí adágún Bosomtwe tí ó tẹ́ rẹrẹ, tí kò sí odò kankan tí ń ti inú rẹ̀ ṣàn jáde. Òkúta láti ojú ọ̀run ni ó gbẹ́ kòtò náà ní nǹkan bí 1,070,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹnu kòtò náà fẹ̀ tó kìlómítà 10 àti ààbọ̀, omi fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 8, jíjìn rẹ̀ sì ju mítà 70 lọ. Àwọn Áṣántì kò gbọ́ nípa òkúta yìí títí àwọn onímọ̀ fi dé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe omi lásán: òrìṣà Twe ni ó ni ín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn ẹni tí ó kú sì gbọ́dọ̀ yà láti dágbére kí ó tó kọjá lọ.

Òrìṣà yìí ní èèwọ̀ kan tí kò lè ṣàì ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a ti ń bọ Ògún Lákáayé láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ó kọ irin. Ìwọ̀ irin kò gbọ́dọ̀ kan omi náà, garawa kò gbọ́dọ̀ kàn án, ọkọ̀ tí a fi ìṣó kàn kò sì gbọ́dọ̀ léfòó lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń jókòó sórí pákó gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní padua, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ wa omi, tí ẹsẹ̀ wọn á sì máa wọ́ nínú omi títí wọn yóò fi kó ẹja dé èbúté. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀wẹ̀, omi náà a yí padà, òórùn burúkú a gba àyíká kan, ẹja a sì kú léfòó lọ súà. Nígbà náà ni àwọn àgbà a ní òrìṣà ti ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀. R. S. Rattray, ará Bìrìtìkó tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn Áṣántì ní 1923, kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tù yìí sínú ìwé rẹ̀, kò sì fi í ṣẹ̀sín.

Bí a bá bu omi adágún náà sínú ife kan ṣoṣo, irin ni yóò kún inú ife náà. Kì í ṣe irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, bí kò ṣe ẹyọ irin kéékèèké tí wọ́n fara pamọ́ sí àárín ẹ́ńsáìmù, èyíinì àwọn purotéènì tí ń mú kí iṣẹ́ tí ì bá gba ọdún gbọọrọ nínú ara ohun abẹ̀mí parí kí a tó ṣẹ́jú. Àwọn ohun abẹ̀mí tí irin wọ̀nyí wà lára wọn ni bakitéríà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, iṣẹ́ tí irin náà sì ń ṣe ni kí ó gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹnìkan kí ó fi í fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kà ní ilé ẹ̀kọ́ a máa yin ìmọ́lẹ̀ nìkan, wọn a ní oòrùn ni ó ń bọ́ ayé. Ní tèmi, ìmọ́lẹ̀ kò ṣòroó gbà. Ohun tí ó ṣòro ni kí a mọ ibi tí a ó gbé ohun tí ìmọ́lẹ̀ tú sílẹ̀ sí, àwọn ẹ́ńsáìmù ni ó sì mọ èyí, bí wọn kò bá sì mọ̀ ọ́n, ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà ni yóò pa ẹni tí ó gbà á.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ, ó yẹ kí a mọ irú omi tí Bosomtwe jẹ́, nítorí pé omi méjì ni, tí ọ̀kan gun èkejì lórí. Omi òkè ń rí oòrùn, ó ń gba afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni ẹja ń gbé. Omi ìsàlẹ̀ tutù díẹ̀ jù ú lọ, ó sì wúwo díẹ̀ jù ú lọ, ọ́síjìn kò sì sí níbẹ̀, nítorí pé ohun gbogbo tí ó kú lókè ń rọ̀ wálẹ̀ láti wá jẹrà, jíjẹrà wọn sì ti gba gbogbo ọ́síjìn tán. Nígbà tí òtútù bá mú omi òkè, tí atẹ́gùn sì rú u, méjèèjì a dàpọ̀, gáàsì tí ó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ a sì bọ́ sókè: ẹ̀tù òrìṣà nìyẹn. Àìsí ọ́síjìn yìí ṣe ìmọ̀ ènìyàn láǹfààní kan tí n kò lè fò dá. Níwọ̀n bí kò ti sí ekòló tàbí ìgbín tí ó lè gbé ìsàlẹ̀ náà kí ó máa tú ẹrẹ̀ ká, ẹrẹ̀ ọdọọdún tò lé ara wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìdàrú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá gbẹ́ ìsàlẹ̀ adágún náà ní 2004, wọ́n fa ẹrẹ̀ tí gígùn rẹ̀ súnmọ́ mítà 300 yọ, láti inú ẹrẹ̀ adágún yìí náà sì ni àwọn kan ti kà á jáde ní 2009 pé láàárín 3,000 ọdún tí ó kọjá, ọ̀dá tí ó le ju èyíkéyìí tí àwọn bàbá wa fojú rí lọ ti dá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí òmíràn nínú wọn sì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìn bakitéríà wa.

Nínú omi òkè ni sáyánóbakitéríà pọ̀ sí, àwọn tí àwọ̀ wọn jọ ewé tí a rì sínú aró. Àwọn ni wọ́n ń sọ omi di aláwọ̀ ewé, àwọn ni wọ́n sì ń tú ọ́síjìn tí ẹja ń mí sínú sílẹ̀. Wọ́n ní ìbátan kan, èyíinì bakitéríà elésè àlùkò, tí kì í tú ọ́síjìn sílẹ̀ rárá, tí ó sì fẹ́ràn ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé tí ọ́síjìn kò dé: ẹrẹ̀ etí omi, oko ìrẹsì tí omi dúró sí, kòtò tí ewé jẹrà sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò nílò awò tàbí ẹ̀rọ kankan. Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti fi ọ̀nà náà hàn láti bí ọdún 1880 sí 1890: ẹ bu ẹrẹ̀ dúdú láti etí odò, ẹ pò ó mọ́ pépà tí a ya wẹ́wẹ́ àti pupa ẹyin sísè, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gíga tí ara rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ bu omi odò náà lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e sí ojú fèrèsé. Ẹni tí ń gbé yàrá kan ní Asawase ní Kùmásì lè ṣe é, bí ìyàwó rẹ̀ bá lè fara da ojú fèrèsé tó kún fún ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlà àwọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ìgò náà, dúdú nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé lókè rẹ̀, àwọ̀ elésè àlùkò lókè ìyẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlú àwọn bakitéríà tí wọ́n yan ibi tí ó bá wọn lára mu.

Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Gáàsì imí-ọjọ́ tí ń rùn bí ẹyin òbu ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, gáàsì tí ó jẹ́ májèlé fún ẹja. Ní 1931 ni C. B. van Niel, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wo àwọn bakitéríà wọ̀nyí fínnífínní, tí ó sì sọ ohun kan tí ó yí ìmọ̀ nípa ewé gbogbo padà: bí bakitéríà elésè àlùkò ṣe ń já gáàsì imí-ọjọ́ tí ó sì ń fi imí-ọjọ́ sílẹ̀ ni ewé ṣe ń já omi tí ó sì ń fi ọ́síjìn sílẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ẹ̀yà tí ó fúyẹ́ jù lọ nínú átọ́ọ̀mù ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá. Ó wà lára omi, ó wà lára ṣúgà, ó wà lára irin. Àwọn ohun kan fi ìwọra dì í mú, àwọn ohun mìíràn sì ṣetán láti yọ̀ǹda rẹ̀, nígbà tí ó bá sì ti ọwọ́ ẹni tí kò dì í mú ṣinṣin bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ṣinṣin, agbára a jáde. Gbogbo oúnjẹ tí a ń jẹ, ọ̀nà tí a fi ń rí agbára nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti na ọjà Kejetia ní Kùmásì yóò ti rí àwọn ọmọbìnrin alágbàrù tí wọ́n ń wá láti àríwá Gánà, tí ẹrù ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì láàárín èrò. Yóò sì ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kò lè gba òmíràn títí ẹnìkan yóò fi bá a sọ ti àkọ́kọ́, àti pé bí ẹni tí yóò gbà á níwájú bá ti sọnù, gbogbo ọ̀wọ́ náà ni yóò dúró sójú kan, tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá yóò sì máa pariwo. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn nínú bakitéríà náà nìyẹn, ẹ́ńsáìmù ni alágbàrù.

Ní àárín awọ fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú bakitéríà elésè àlùkò ni purotéènì kan wà, tí àwọn ará Jámánì mẹ́ta, Johann Deisenhofer, Robert Huber àti Hartmut Michel, ya àwòrán rẹ̀ títí dé orí ẹyọ átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ti 1988 nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí orí méjì nínú oje àwọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan a fò kúrò lára wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí a pín sí ọ̀nà tírílíọ́nù, tí a mú mẹ́ta péré nínú rẹ̀. Kí ló dé tí ó fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé bí ó bá lọ́ra, ibi tí ó ti kúrò ni yóò padà sí, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì di ooru lásán. Purotéènì náà ti to àwọn alágbàrù sí ìwọ̀n tí ó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ síwájú máa ń yá ju ìgbésẹ̀ padà sẹ́yìn lọ ní gbogbo orígun, títí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò fi bọ́ sọ́wọ́ kuínóònù, ohun kékeré olóràá kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú awọ náà, tí ó sì ń gba méjì-méjì kí ó tó gbéra.

Kuínóònù yìí ni yóò kó ẹrù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńsáìmù kejì, sáítókíróòmù bc1, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé n kò tíì kà nípa ohun kan nínú ẹ̀dá tí ó gbọ́n tó o. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni ó gbà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà kan náà lọ. Èkíní bọ́ sára irin àti imí-ọjọ́ tí wọ́n so pọ̀ sí orí apá purotéènì kan, apá náà a sì yí kúrò níbi tí ó wà, a gbé e lọ fún ẹni tí yóò dá a padà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ lé e kúrò. Níwọ̀n ìgbà tí apá náà ti lọ, èkejì kò rí i tẹ̀lé, ó di dandan kí ó gba ọ̀nà mìíràn, láàárín irin méjì tí wọ́n wà nínú awọ náà, kí ó padà sọ́dọ̀ kuínóònù mìíràn. Ìpínyà yìí ni ó ń jẹ́ kí iye prótọ́ọ̀nù tí ń bọ́ sí òdì kejì awọ náà pọ̀ ní ìlọ́po méjì. Prótọ́ọ̀nù wọ̀nyí ni yóò padà wọlé láti ẹnu ẹ̀rọ kan tí ń yí bírí, tí ń rọ ATP, owó tí gbogbo ohun abẹ̀mí ń ná. Peter Mitchell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà gbọ́, gba ẹ̀bùn Nobel ti 1978 nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé lè sọ pé kí ló wá kù? Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, ó yí po, ó padà sílé, agbára sì jáde nínú ìrìn rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bakitéríà elésè àlùkò kì í gbé lórí ìmọ́lẹ̀ nìkan. Nínú ẹrẹ̀ tí ó ń gbé, ó ń jẹ ásíìdì tí ewé àti èso jíjẹrà ń tú jáde, púpọ̀ nínú oúnjẹ wọ̀nyí sì ru ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju èyí tí ó lè fi mọ ara rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àjẹṣẹ́kù yìí a máa wọ inú awọ, a máa kún orí kuínóònù gbogbo, títí kò fi ní sí kuínóònù òfìfo kan mọ́; ìmọ́lẹ̀ á máa tàn, kò sì ní sí ẹni tí yóò gba ohun tí ó ń lé jáde. Àyíká náà á dì pa. Nínú ọ̀pọ̀ yanturu ni ẹ̀dá náà yóò ti kú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, bakitéríà kò sì lè fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àjẹṣẹ́kù sórí awọ rẹ̀ kí ó sùn.

Ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí alákòóso nìyí. Ẹ wo Rubisco, ẹ́ńsáìmù tí gbogbo ìwé ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ káábọ́nì inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Bakitéríà tí oúnjẹ ti yí ká kò yẹ kí ó nílò rẹ̀ mọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àmọ́ nígbà tí F. Robert Tabita àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio yọ jíìnì Rubisco kúrò lára Rhodobacter, ọ̀kan nínú àwọn bakitéríà elésè àlùkò, tí wọ́n fi í sínú oúnjẹ àti ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, kò hù. Nígbà tí wọ́n bu ohun mìíràn sí i tí ó lè gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó hù. Ìyẹn ni pé Rubisco kò wà níbẹ̀ nítorí oúnjẹ nìkan; ẹnu ọ̀nà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àjẹṣẹ́kù ń gbà jáde ni, káábọ́nì sì ni ohun tí a ń dì í lé lórí. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Bí wọ́n ti fi àwọn bakitéríà aláìní-Rubisco náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn mìíràn yọ láàárín wọn tí wọ́n ń hù, nígbà tí Tabita àti Hemant Joshi sì yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n kéde ní 1996 pé àwọn wọ̀nyí ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn tí ó yẹ kí ó wà ní títì pa: ẹ́ńsáìmù náítírójínéèsì ń ṣiṣẹ́ lára wọn láìdúró, ó sì ń da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà nù sínú afẹ́fẹ́ ní àwọ̀ gáàsì háídírójìn.

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé bakitéríà elésè àlùkò lè ṣe háídírójìn, bí wọ́n sì ṣe mọ̀ ọ́n dùn ún gbọ́. Martin Kamen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ rí káábọ́nì 14, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Howard Gest ń sin ọ̀kan nínú wọn, Rhodospirillum rubrum, nínú ìmọ́lẹ̀, gáàsì sì ń hó jáde lára rẹ̀ ṣáá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, wọ́n sì fi náítírójìn kún inú ìgò wọn, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló gbà nígbà náà pé náítírójìn kì í bá bakitéríà yìí ṣe ohunkóhun. Gáàsì dáwọ́ dúró. Ohun tí wọ́n rò pé kò já mọ́ nǹkankan ti di oúnjẹ fún ẹ̀dá náà: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ì bá di háídírójìn ni ó gbà lọ, tí ó fi sọ náítírójìn di amóníà, ajílẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1949. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí. Láti sọ ẹyọ náítírójìn kan di amóníà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 8 àti ATP 16 ni náítírójínéèsì ń ná, ẹ́ńsáìmù yìí sì jẹ́ àpapọ̀ irin, imí-ọjọ́ àti mọlíbúdẹ́nọ̀mù tí ọ́síjìn bá fọwọ́ kàn tí ó sì bàjẹ́ láìpẹ́. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Ohun tí ó bá ń náni tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí amóníà bá ti wà nínú omi, tàbí bí oòrùn bá wọ̀ tí ATP sì wọ́n, Rhodospirillum kò ní dúró kí náítírójínéèsì rẹ̀ gbó kí ó tó simi; ó ní ẹ́ńsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DRAT, tí yóò sáré lẹ ohun kan mọ́ ojú ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà wọlé, lórí ẹyọ ásíìdì amínò kan ṣoṣo nínú gbogbo purotéènì náà. Nípa bẹ́ẹ̀ náítírójínéèsì wà lódindi, ṣùgbọ́n kò lè gba ohunkóhun. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ́ńsáìmù mìíràn, DRAG, a wá ṣí ohun tí èkíní lẹ̀, iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Paul Ludden àti Robert Burris ní Yunifásítì Wisconsin ni wọ́n kọ́kọ́ rí olùṣílẹ̀kùn yìí ní 1976, a sì ti wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé nígbà tí amóníà bá pọ̀, bakitéríà a tilẹ̀ di DRAG mú mọ́ awọ ara rẹ̀, jìnnà sí ibi iṣẹ́, kí ó má bàa lọ ṣí ohun tí a kò fẹ́ kí ó ṣí. N kò mọ ìjọba kan ní Áfíríkà tí ó ń ṣọ́ àpò owó rẹ̀ báyìí.

Lókè gbogbo wọn ni àwọn alákòóso àgbà kan wà, tí a kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún. RegB ń fi ọwọ́ kan kuínóònù láti mọ̀ bóyá ẹrù pọ̀ lórí wọn. Bí ẹrù bá pọ̀, yóò ránṣẹ́ sí RegA, RegA a sì ṣí jíìnì tí ó yẹ, ti Rubisco, ti náítírójínéèsì, àti ti oje àwọ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí ọ́síjìn bá wọlé, tí ẹ́ńsáìmù mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sára ọ́síjìn náà, ìránṣẹ́ yìí a dákẹ́, bakitéríà a sì dẹ́kun àtiṣe oje àwọ̀ rẹ̀.

Sáyánóbakitéríà inú omi òkè Bosomtwe ní ìṣòro tí ó le ju èyí lọ, nítorí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ kì í sábà padà sílé. Láti ara omi ni ó ti ń já a, mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì ń tú ọ́síjìn kan sílẹ̀ fún mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ni ó fi ọ́síjìn kún ojú ọ̀run ní nǹkan bí bílíọ́nù ọdún 2 àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà a kọjá sọ́wọ́ férédọ́síìnì, purotéènì kékeré tí irin méjì wà láyà rẹ̀, orí rẹ̀ ni ìkóríta sì wà: ó lè lọ ṣe ṣúgà, ó lè padà sẹ́yìn láti yí po, ó sì lè bọ́ sára ọ́síjìn. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí léwu, nítorí pé ọ́síjìn tí ó bá gba ẹyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan di ohun olóró tí ń jẹ ara ẹni tí ó bí i. Àfi kí àwọn ẹ́ńsáìmù méjì tí wọ́n so pọ̀, Flv1 àti Flv3, gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà kí wọ́n sì kó mẹ́rin lé ọ́síjìn lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì di omi padà láìsí oró kankan. Lójú ẹni tí kò mọ̀, òfò ni: a já omi, a tún fi ohun tí a já ṣe omi. Ṣùgbọ́n ní 2013 àwọn onímọ̀ ní Turku ní ilẹ̀ Fínlándì fi sáyánóbakitéríà tí kò ní ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn yòò tí ó sì tún ń ṣú léraléra, ó sì kú tàbí kí ó má lè dàgbà dáadáa. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀run Kùmásì ní ìgbà òjò, bí ìkúukùu ṣe ń bo oòrùn tí ó sì tún ń ṣí i lójijì, yóò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni a ń dán bakitéríà adágún náà wò báyìí.

Bí irin bá wọ́n nínú omi, sáyánóbakitéríà a gbé férédọ́síìnì tì, a sì mú purotéènì mìíràn jáde, flafodọ́síìnì, tí kò ní irin lára rárá, tí ó ń fi oje pupa-rúsúrúsú kan gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò. Nípa bẹ́ẹ̀, sáyánóbakitéríà lè pa èèwọ̀ Twe mọ́, ní apá kan péré, nítorí pé irin ṣì kún ara rẹ̀ níbi mìíràn.

Àwọn onímọ̀ kò fi ojú ìwádìí lásán wo ẹnu ọ̀nà háídírójìn yẹn, nítorí pé háídírójìn jẹ́ ohun tí a lè sun láìsí èéfín. Ìṣirò rẹ̀ dùn: omi ìdọ̀tí ilé ìfúnpo, omi tí a fún lára gààrí, omi èso tí ó kan, gbogbo ohun tí a ń dà sí gọ́tà láti Kùmásì dé Ìbàdàn ni ó kún fún ásíìdì tí bakitéríà elésè àlùkò fẹ́ràn, oòrùn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wá ṣòwò ní Kùmásì, kí òfin tí ìjọba Gánà fi lé àwọn àjèjì jáde ní 1969 tó tú wọn ká, ì bá ti rí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kì í ṣàìní amóníà, amóníà sì ni ó ń ti náítírójínéèsì pa. Ní 2007 ni Federico Rey, Caroline Harwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde pé àwọn rí irú bakitéríà elésè àlùkò Rhodopseudomonas palustris kan tí ìyípadà bá jíìnì NifA rẹ̀, èyí tí ń pàṣẹ fún náítírójínéèsì, tí ó sì ń ṣe háídírójìn bí amóníà tilẹ̀ wà. Ìyẹn ṣí ilẹ̀kùn kan.

Èkejì kò tíì ṣí dáadáa. Nínú ọpọ́n omi tí bakitéríà ti pọ̀, àwọn tí wọ́n wà lójú omi ń gba ìmọ́lẹ̀ ju èyí tí ẹ́ńsáìmù wọn lè lò lọ, wọ́n ń sọ ìyókù di ooru, àwọn tí wọ́n wà ní ààbọ̀ ìka sábẹ́ wọn sì wà nínú òkùnkùn, tí náítírójínéèsì wọn dákẹ́ nítorí àìrí ATP. Àwọn kan ń gbìyànjú láti dín oje àwọ̀ ara bakitéríà kù, kí èyí tí ó wà níwájú má gba ti èyí tí ó wà lẹ́yìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì ń tẹ́ omi náà pẹlẹbẹ sí àárín gíláàsì méjì, kí oòrùn lè là á já.